Ṣé ojú Ọlọ́run ṣì wà lára wa nígbà tí ìpọ́njú kò lọ?

Aláàdìrẹ Ìtòkú béèrè pé:

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí gbogbo yín. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ọkọ mi, tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ mọ́, ni mo ti ń sáré láàárín ìsọ̀ àti ibùsùn rẹ̀. Owó tí ó yẹ kí n fi ra aṣọ àti aró ń bá oògùn lọ, àwọn oníbàárà tí kò sì bá mi ní ìsọ̀ ti ń yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mò ń gbàdúrà, n kò sì ṣiyèméjì pé Ọlọ́run wà. Ohun tí ó da ọkàn mi rú ni pé àwọn ènìyàn tí mo bọ̀wọ̀ fún sọ fún mi pé bí ìgbàgbọ́ mi bá tó ni, ọkọ mi ìbá ti dìde. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ní kí n mú owó àdúrà àkànṣe wá, kí n sì dá oògùn dúró ná. Bí Ọlọ́run bá ń ṣọ́ wa lóòótọ́, kí ni Ó ń wò? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n bi Í bẹ́ẹ̀?

Àgbà Aké dáhùn pé:

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú ìtọ́jú aláìsàn. Ìbéèrè yín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, nítorí inú Bíbélì gan-an ni irú rẹ̀ pọ̀ sí. Hágárì, ẹrúbìnrin tí wọ́n ni lára títí ó fi sá wọ aginjù, ni ó pe Ọlọ́run ní Ẹni tí ó rí òun. Ẹ kíyè sí i pé ilé kan náà tí ó ti sá jáde ni áńgẹ́lì ní kí ó padà sí. Ìṣòro náà kò tíì lọ, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti mọ̀ pé a rí òun. Èlíjà pẹ̀lú dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run kò bi í bí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti tóbi tó. Oúnjẹ àti omi ni Ó fi ránṣẹ́ sí i, Ó jẹ́ kí ó sùn, nígbà tí ó sì tún jí, Ó tún bọ́ ọ.

Ní ìlú wa yìí, ẹ rántí Afala, ìyá Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni àwọn akónilẹ́rú kó wọn ní Oṣoògùn, tí wọ́n sì ya ìyá kúrò lára ọmọ. Ní 1846 ni wọ́n tó tún fojú kan ara wọn níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, nígbà tí ọmọ ti di àlùfáà. Fún ọdún 25 yẹn, ojú tí ó ń ṣọ́ ọmọ ní Sàró kò kúrò lára ìyá nílẹ̀ yìí.

Ọmọ Láfẹ́nwá dáhùn pé:

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ìtàn Afala máa ń mú mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un nítorí Màmá. Ọ̀pọ̀ ìyá ni wọ́n kó ọmọ wọn lọ láyé ogun yẹn tí wọn kò sì tún rí wọn mọ́ títí wọ́n fi kú, ó sì dá mi lójú pé àwọn náà ké pe Ọlọ́run. Nítorí náà, n kò ní fẹ́ kí Màmá gba ìtàn yẹn bí ìlérí pé bàbá yóò rìn, kí ó má baà jẹ́ pé bí kò bá rìn, ẹ̀bi yóò tún padà sórí wọn. Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa nígbà mẹ́ta kí Ó yọ ẹ̀gún ara rẹ̀ kúrò, ẹ̀gún náà kò sì kúrò. Oore-ọ̀fẹ́ tí yóò fi gbé e ni ó rí gbà. Ta ni yóò sọ pé ìgbàgbọ́ Pọ́ọ̀lù kéré?

N kò lè sọ ìdí tí ẹnìkan fi rí ìwòsàn tí ẹlòmíràn kò rí i. Orin Dáfídì 121 ni mo dì mú, èyí tí ó sọ pé Ẹni tí ń pa Ísírẹ́lì mọ́ kì í tòògbé. Orin àwọn tí ń gòkè lọ ni, àwọn tí oòrùn ń pa, tí ẹsẹ̀ wọn sì lè yẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó dájú pé ẹni tí kò rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò ní wá olùpamọ́ kiri. Màmá, òru tí ẹ ń jí láti yí bàbá padà lórí ibùsùn, Ọlọ́run kò sùn ní òru yẹn.

Àgbà Aké dáhùn pé:

Ọmọ mi, mo gbà pẹ̀lú rẹ. Ìyá wa, ọ̀rọ̀ owó àdúrà yẹn, ẹ má san án. Ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run ń gbọ́ ẹkún.

Nọ́ọ̀sì Ìbarà dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá oògùn bàbá dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà nínú rẹ̀, dídá a dúró lójijì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ náà ga sókè, kí àrùn náà sì tún padà kọlù wọ́n. Bí wọn kò bá lè yí ara wọn padà, ẹ máa bá wọn yí i ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má baà dá sí wọn lára, kí ẹ sì gbé wọn jókòó dáadáa kí wọ́n tó jẹun, kí oúnjẹ má baà gba ọ̀nà òdì. Ẹ bi àwọn dókítà nípa àwọn tí ń kọ́ apá àti ẹsẹ̀ láti tún máa ṣiṣẹ́.

Ọwọ́ áńgẹ́lì ni oúnjẹ Èlíjà gbà dé. Ọwọ́ ènìyàn ni tiwa sábà máa ń gbà. Ẹ sọ fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ yín pé ẹ nílò ẹni tí yóò jókòó ti bàbá ní ọjọ́ ọjà, ẹ má sì tijú. Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, ìgbà wo ni wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru yín kẹ́yìn? Ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀, kí ẹ júwe ilé. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, èmi yóò wá wo ti bàbá àti tiyín.