La Follette ti Wisconsin: ṣé òfin ìbò abẹ́lé tirẹ̀ ló padà bá a jà?

Ọmọ_Kábà: Ẹ̀yin ará Okun, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ SS3 fẹ́ jiyàn lórí ìbò abẹ́lé: ṣé kí dẹ́lígéètì máa yan adíje ni, àbí kí gbogbo ènìyàn dìbò? Orúkọ Robert La Follette, gómìnà Wisconsin l'Amẹ́ríkà, ń jáde ṣáá. Kí ló ṣe gan-an?

Akọ̀wé_Ìjùmú: Ẹ̀ẹ̀mejì, ní 1896 àti 1898, ni dẹ́lígéètì ẹgbẹ́ Republican já a kulẹ̀, ó ní wọ́n fi owó ra àwọn kan nínú wọn. (Ẹni tó ti rí bí wọ́n ṣe ń kó dẹ́lígéètì pamọ́ sí hòtẹ́ẹ̀lì lọ́dọ̀ wa ò nílò àlàyé.) Ó wọlé ní 1900. Ní 1901, ilé aṣòfin gé àbá ìbò abẹ́lé rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó sì kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Ní 1903 wọ́n gbà á, àmọ́ wọ́n ní aráàlú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìbò lé e lórí. Ọgbọ́n ìdádúró nìyẹn. La Follette bá ń lọ sí agbègbè àwọn aṣòfin tó ta kò ó, ó ń ka bí wọ́n ṣe dìbò sétí àwọn tó rán wọn níṣẹ́. Aráàlú gba òfin náà wọlé ní Oṣù Kọkànlá 1904.

Yàgbà_Òkè: Ẹ má gbàgbé rélùwéè o, ibẹ̀ ni ìjà ti le jù. Tẹ́lẹ̀, ìdá kan nínú owó tó wọlé fún wọn ni wọ́n fi ń san owó orí, àwọn fúnra wọn ló sì ń ṣírò rẹ̀. Òfin 1903 yí i sí iye tí dúkìá wọn tó. Nígbà tí wọ́n yẹ ìwé wọn wò, owó tí wọ́n ń dá padà ní bòókẹ́lẹ́ fáwọn oníbàárà ńlá hàn síta. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tó ń bójú tó owó ọkọ̀ tẹ̀ lé e ní 1905.

Ọmọ_Kábà: Ẹ ṣeun. Ta wá ni òfin ìbò abẹ́lé náà lù?

Akọ̀wé_Ìjùmú: Ẹni tí òun fúnra rẹ̀ fà kalẹ̀ ni. Ó fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, Oṣù Kìíní 1906, ó lọ ṣe sẹ́nétọ̀. Igbákejì rẹ̀, James Davidson, bọ́ sórí àga. Nígbà tí ìbò abẹ́lé àkọ́kọ́ dé lọ́dún náà, Irvine Lenroot ni La Follette ń tì lẹ́yìn. Davidson fẹ̀yìn Lenroot gbálẹ̀. Norway ni wọ́n ti bí Davidson, àwọn ará Norway sì pọ̀ ní Wisconsin.

Yàgbà_Òkè: Kí ẹgbẹ́ tó ń gbè sẹ́yìn dẹ́lígéètì mú èyí dání: ìbò náà kò béèrè ẹgbẹ́ tí olùdìbò wà, nítorí náà alátakò lè wọlé wá bá ẹgbẹ́ mìíràn yan adíje. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ló sì ń borí, ì báà má tó ìdajì.