Ìpayà tó ń múni lórí afárá Third Mainland: kí la lè ṣe?

ỌmọKétu:
Ẹ kú ọjọ́ o. Àbúrò mi obìnrin ń gbé Kétu, Marina ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí danfo bá ti gun afárá Third Mainland tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ sì mú wọn, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, ọwọ́ á kú, ìka á máa ta á, á ní èémí òun ò délẹ̀, òun ń kú lọ. Wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, 118/76 ni, kò ga. Ní báyìí, Ọ̀wọ́rọ̀ ló ti ń sọ̀kalẹ̀, á wá yí gba Ojúẹlẹ́gbà lọ sí Èkó. Aládùúgbò kan ti ń fún un ní Lexotan, oògùn tó ń mú ara balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yẹ kó ṣe nínú ọkọ̀, kí la sì lè ṣe kó lè lọ pátápátá?

Nọ́ọ̀sìÀdúgbò:
Ẹ kú àìsinmi. Ìpayà òjijì lèyí jọ: ara ń ta ìdágìrì níbi tí ewu ò sí. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló sábà máa ń le dé góńgó, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Kó mọ èyí sórí kó tó wọkọ̀.

Ìka tó ń ta á yẹn, èémí àṣejù ló fà á. Tí ẹ̀rù bá bani, à ń mí kíákíá, carbon dioxide (afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta) inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ, ìka àti ètè á máa ta, òòyì á máa kọ́ni, àyà á fún. Atẹ́gùn tó wà lára rẹ̀ ti tó. Àwọn èrò ọkọ̀ tó máa ń pariwo pé "mí kanlẹ̀! mí kanlẹ̀!" ń dá kún un ni. Mímí síta ló yẹ kó gùn. Kó pa ẹnu dé, kó fi imú fa atẹ́gùn wọlé títí á fi kà dé ẹẹ́rin, kó wá ṣu ẹnu pọ̀ bí ẹni ń fẹ́ ògì gbígbóná, kó tú u síta wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí dé ẹẹ́fà. Kó gbé ọwọ́ lé ikùn: ikùn ló yẹ kó ru sókè, kì í ṣe èjìká. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Kó má fi ọ̀rá bo ẹnu o! Ilé ni kó ti kọ́ ọ, láàárọ̀ àti lálẹ́, nígbà tí ara balẹ̀, torí ohun tí kò bá mọ́ ọn lára kò ní wá sí i lọ́kàn lórí afárá.

Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan: àìtó ẹ̀jẹ̀, thyroid (ẹṣẹ́ inú ọrùn), ṣúgà, àti ECG (àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù), torí àwọn náà lè mú àyà lù. Bí àyà bá sì ń dùn ún tó ń ta dé apá tàbí àgbọ̀n, tàbí tó dákú, ẹ pe 767 tàbí 112 lójú ẹsẹ̀.

Apòògùn_Mushin:
Ọ̀rọ̀ Lexotan yẹn kọ mí lóminú. Bromazepam ni. Lóòótọ́ ó ń mú ara rọ̀ kíá, àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan á ti mọ́ ọn lára, ìwọ̀n tó ń lò kò sì ní ràn án mọ́. Tó bá ti ń lò ó lójoojúmọ́, kó má ṣe já a lẹ́ẹ̀kan náà: àìróorunsùn, gbígbọ̀n, títí kan gìrì, lè tẹ̀lé e. Dókítà ni yóò bá a dín in kù. Kó má fi ọtí, tramadol tàbí oògùn ikọ́ tó ní codeine kún un rárá; mímí lè dáwọ́ dúró.

Ẹ bi í léèrè ohun tó ń mu láàárọ̀ pẹ̀lú. Kọfí, energy drink, obì tí wọ́n fi ń lé oorun, caffeine wà nínú gbogbo wọn. Lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára. Kó dín in kù díẹ̀díẹ̀ kí orí má bàa fọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́nGbàgádà:
Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ, àmọ́ mímí nìkan kò ní lé e lọ. Sísọ̀kalẹ̀ ní Ọ̀wọ́rọ̀ yẹn gan-an ló ń gbé ìpayà náà ró. Bó bá ti sá, ara á tù ú, ọpọlọ á gbà pé sísá ló gba òun là, lọ́jọ́ kejì ẹ̀rù á tún le sí i.

Kó padà sórí afárá náà ní ìpele ìpele, kó máa fi òǹkà 0 (kò sí ẹ̀rù) sí 10 (ẹ̀rù tó le jù) wọn ẹ̀rù rẹ̀. Àárọ̀ Sátidé tàbí Sọ́ńdè tí ọ̀nà dá ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì, láti Ọ̀wọ́rọ̀ dé Adékúnlé péré, kẹ́ ẹ lọ kẹ́ ẹ bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà kó dá rìn ín. Ẹ wá kọjá Adékúnlé dé Adéníji, níbi tí omi wà lọ́tùn-ún lósì tí kò sí ibi àtisọ̀kalẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ pẹ́ sí jù. Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ló tẹ̀lé e, kó tó kan àárọ̀ Mọ́ńdè. Kó má bọ́ sí ìpele tó kàn títí ẹ̀rù tó wà ní 8 á fi wálẹ̀ sí 3 tàbí 4.

Fífò lọ sí àárọ̀ Mọ́ńdè tààrà ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́, àti ẹ̀gbọ́n tó ń bi í ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú pé "ṣé kò sí?". Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

ỌmọKétu:
Mo dúpẹ́ gan-an. Lálẹ́ ńkọ́? Ó máa ń ro owó ilé àti iṣẹ́ títí di aago méjì òru. Màmá wa sì fẹ́ mú un lọ sórí òkè àdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sìÀdúgbò:
Kó ya ìṣẹ́jú 15 sọ́tọ̀ lójoojúmọ́, kó má sún mọ́ àkókò oorun, kó kọ gbogbo àníyàn rẹ̀ sínú ìwé. Èyí tó bá ṣeé ṣe nǹkan sí, bíi pípe lánlọ́ọ̀dù, kó kọ ọjọ́ tí yóò ṣe é sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí ìyókù bá dé lóru, kó sún un di àkókò ti ọ̀la. Tí oorun ò bá wá lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, kó dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kó má gbé fóònù. Aago kan náà ni kó máa jí, títí kan ọjọ́ Sọ́ńdè.

Àdúrà dáa. Àìsùn àti ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ló lè dá kún ìpayà yìí. Ẹ bẹ màmá kí wọ́n jọ gbàdúrà lọ́sàn-án, kó lè sùn lóru. Tí kò bá sí ìyípadà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní LUTH Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH Ìkẹjà, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Yàbá. Tó bá ń sọ pé ayé sú òun, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ "Yaba Left" tí wọ́n ń fi ti Yàbá yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ lé yín sẹ́yìn. Èèyàn ń gba ìtọ́jú níbẹ̀, á sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Kó mú àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì dání: ọjọ́, ibi tó ti mú un, òǹkà ẹ̀rù, ohun tó jẹ tó mu, àti iye Lexotan tó lò.