Apá ọmọ tuntun tí kò gbéra: àyẹ̀wò wo ló kàn?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, mo ń fẹ́ ìmọ̀ràn. Àbúrò mi bímọ ní Adó-Èkìtì. Ọmọ náà tóbi, èjìká rẹ̀ sì há nígbà ìbí. Láti ìgbà náà ni apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ jọwọlọ, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí mo bá fi ìka sí i, ó ń dì í mú. Bí ariwo bá ta á jí, apá òsì nìkan ló ń nà.

Dókítà ní ó lè jẹ́ pé iṣan ọrùn tó ń darí apá ló fà jù, tàbí pé egungun tó wà láàárín ọrùn àti èjìká ló ṣẹ́. Màmá wa fẹ́ fi òrí wọ́ ọ. Èmi kò gbà rárá. Nígbà tí ẹ́síréè kì í fi iṣan hàn, àyẹ̀wò wo ló yẹ kí a tún béèrè fún?