Strings (ohùn violin àti ẹbí rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà) ọ̀fẹ́ wo ni láptọ́ọ̀pù 4GB lè gbé?

Akọrin_Kàbà:
Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará. Orin ìkórè olóhùn mẹ́rin ni mò ń tò fún ẹgbẹ́ akọrin ní Kàbà níbí. Tonic sol-fa ni mo fi kọ ọ́, mo sì ti tẹ̀ ẹ́ sínú Reaper, ètò tí mo fi ń to orin lórí kọ̀ǹpútà. RAM 4GB ni láptọ́ọ̀pù mi, détà tó kù ò ju 1GB lọ. Strings ọ̀fẹ́ wo ni kí n lò? Mo dán ọ̀kan wò nínú Kontakt Player, ètò ọ̀fẹ́ tó ń gbé ohùn irinṣẹ́ orin, ó dún dáadáa, ó kàn dákẹ́ lójijì.

Onídùùrù_Ẹ̀gbẹ̀:
Ọ̀kún o. Kò bàjẹ́. Ohun tí wọn ò bá ṣe fún Player, ìṣẹ́jú 15 péré ni Player máa fi gbé e. Kontakt tí wọ́n ń fowó rà ló ń ṣí i tán. Ẹ máa wo ìyẹn kí ẹ tó fi détà ṣòfò.

BBC Symphony Orchestra Discover ti Spitfire Audio ni kí ẹ mú. Kò ju nǹkan bíi 200MB lọ. Violin 1, violin 2, viola, cello àti bass wà níbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn gan-an lẹ ń wá. Ẹ má kó ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé violin kan ṣoṣo lórí. Bí ó bá jẹ́ èèyàn 12 ló jọ ta violin tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà, kọ́ọ̀dù onínóòtì 4 ti di èèyàn 48 nìyẹn, á wáá ki bí ẹ̀kọ tí kò lómi. Súpránò sí violin 1, áltò sí violin 2, tẹ́nọ̀ sí viola, báàsì sí cello. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìlà cello fún bass, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ní octave kan (láti dò kan sí dò tó tẹ̀ lé e). Níbi tí áltò bá ti wọ ìsàlẹ̀ G abẹ́ C àárín, ẹ gbé e fún viola, torí violin ò ní nóòtì náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú rèé: nínú sol-fa, wọ́n máa ń kọ tẹ́nọ̀ àti báàsì ní octave kan ga ju bí wọ́n ṣe ń dún lọ. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe rí i lórí ìwé, cello yín á máa ké bí ọmọ ìkókó.

Mọ̀pà_Sàǹdì:
Ẹ tún lè lo VSCO 2 Community Edition, àkójọ ohùn ọ̀fẹ́ mìíràn. CC0 ni àṣẹ rẹ̀, ìyẹn ni pé àwọn tó ṣe é ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹ lè ta orin tí ẹ bá fi ṣe láìbi ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó wúwo ju 1GB lọ, ẹ fi í dọ̀la. Ẹ̀dà SFZ ni kí ẹ mú, kí ẹ fi sforzando ti Plogue, ètò tó ń gbé SFZ, ṣí i, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹ tú zip tán kí ẹ tó ṣí ohunkóhun. Fáìlì .sfz ò ní ohùn kankan nínú, ọ̀rọ̀ lásán ni, tó ń júwe ibi tí àwọn wav (fáìlì ohùn gan-an) wà. Bí ẹ bá gbé òun nìkan lọ síbòmíràn, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Akọrin_Kàbà:
Ẹ ṣeun gan-an. Discover ti wọlé. Octave náà gan-an ni mo ṣì! Ó ṣì ń falẹ̀ lẹ́yìn ìlù, bákan náà ló sì ń dún látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kíbọ́ọ̀dù mi ò ní mod wheel, àgbá kékeré tí wọ́n fi ń mú ohùn le tàbí rọ̀.

Onídùùrù_Ẹ̀gbẹ̀:
Ẹ wo onígòjé: bó bá ń fa ọrun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ohùn tó kún. Ẹ fa àwọn nóòtì gígùn ṣáájú ìlù ní mílísẹ́kọ́ńdì 60 sí 120, etí yín ni ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ má fọwọ́ kan staccato, àwọn nóòtì kúkúrú tó ń já.

Ti ìkejì, tó ń dún bákan náà, CC1 ni, nọ́ńbà tí mod wheel máa ń fi ránṣẹ́. Nínú MIDI editor Reaper (ojú ibi tí ẹ ti ń tún nóòtì ṣe), ẹ yan lane 01 Mod Wheel kí ẹ fi máòsì yà á. Kí gbólóhùn orin bẹ̀rẹ̀ ní bíi 45, kó gòkè dé 85 níbi ọ̀rọ̀ tó wúwo, kó tún wálẹ̀ níbi tí akọrin ti ń mí. Velocity (bí ẹ ṣe tẹ nóòtì lágbára tó) ni ẹ ó lò fún staccato.

Mọ̀pà_Sàǹdì:
Bí ohùn bá ń já, ẹ gbé buffer (ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó sílẹ̀ ṣáájú) lọ sí 512, kí ẹ sì freeze ìlà tí ẹ bá ti parí, ìyẹn ni kí ẹ sọ ọ́ di ohùn tí a ti gbà sílẹ̀, kí ó má bàa wúwo fún kọ̀ǹpútà. Ẹ má tún da reverb (ìró tó ń dún padà bíi ti inú gbọ̀ngàn) púpọ̀ lé Discover o: ìró iyàrá Maida Vale ní London, níbi tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀, ti wà nínú rẹ̀. VSCO ló nílò rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ pa wọ́n pọ̀.