Ọtí ọ̀pẹ̀yìnbó tí mo pọn nílé ní Bàrígà, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n ní kí kálukú tó ti gbìyànjú àtipọn ọtí èso nílé wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Tèmi rèé. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ibì kan wà nínú ẹ̀ tí mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Bàrígà ni ilé wa wà. Ọdún Àjíǹde ń bọ̀, mo ní n ó fọwọ́ ara mi ṣe wáìnì gbé lọ fún àwọn àna mi ní Ẹ̀pẹ́, mo bá ra ọ̀pẹ̀yìnbó mẹ́rin tó tóbi gan-an ní Máìlì 12, èyí tó ti pọ́n tí òórùn ẹ̀ ń ta síni nímú látinú báàgì. Mo bó o, mo gé e wẹ́wẹ́, mo fún omi ẹ̀, mo da ṣúgà kílò 1 sí i, mo fi omi tí mo ti sè tó sì ti tutù kún un títí ó fi tó lítà 4.5, mo wá wọ́n yíìsì búrẹ́dì lé e, irú èyí tí àwọn tó ń dín pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù ń lò. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ó ti ń hó bí ẹmu àárọ̀, gbogbo pálọ̀ ń ta sánsán. Inú mi dùn, mo ń pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Ohun ẹlẹ́mìí ni yíìsì yẹn, ṣúgà ló ń jẹ, bó sì ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń sọ ọ́ di ọtí àti gáàsì. Mo fi bàlúùnù bo ẹnu kẹ́ẹ̀gì, mo fi abẹ́rẹ́ lu ihò kan ṣoṣo sí i kí gáàsì lè máa rí ibi gbà jáde.

Ọjọ́ kẹjọ, bàlúùnù rọ̀ wálẹ̀. Mo ní áà, ó ti parí nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ihò tí mo lu ti ya fẹ̀, gáàsì kàn ń sá gba ibẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, ọtí ò tíì rí ìdajì ọ̀nà. Mo rọ ọ́ sínú ìgò 5 tó ní ọmọrí irin, mo dé e pa pa pa, mo tò wọ́n sábẹ́ tábìlì pálọ̀.

Òru ọjọ́ kẹta, ó ń lọ sí aago méjì, NEPA ti mú iná lọ, ooru mú, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lọ sùn sórí ẹní ní pálọ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni GBÀÀ! Bàbá yàrá kejì sá jáde, wọ́n rò pé ìbọn ni. Kí n tó débẹ̀ ìgò kejì tún ti bú. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo rí àfọ́kù ìgò tó gún kọ́tìnnì wọlé, ó rọ̀ síbẹ̀, òmíràn gún fóòmù àga. Ọmọ yẹn jókòó sórí ẹní, omi ọ̀pẹ̀yìnbó ti bo ojú ẹ̀, ó ń sunkún, mo ń fọwọ́ wá ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀, mi ò rí. Ọlọ́run nìkan ló yọ wá. Mo gbé e fún ìyá ẹ̀, mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì méjì wé ìgò mẹ́ta tó kù, mo gbé wọn jáde sẹ́yìnkùlé, mo sì jókòó sọ́nà jíjìn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ara mi ò yéé gbọ̀n.

Ẹ wò ó, agbára tó wà nínú ìgò champagne fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tó wà nínú taya mọ́tò, ìdí nìyẹn tí ìgò ẹ̀ fi nípọn tí wọ́n sì fi wáyà di ọmọrí ẹ̀. Èmi wá kó ọtí tó ṣì ń jẹ ṣúgà sínú ìgò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Màmá mi ní kí n jáwọ́. Ọ̀dọ̀ wọn ò jìnnà sí Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọn ò sì tíì gbàgbé àwọn tí ògógóró pa níbẹ̀ ní 2015. Mo ní màmá, methanol, irú ọtí olóró kan tó máa ń pani, ló wà nínú ògógóró yẹn, èmi ò ní gbé tèmi kaná láé, bó ṣe hó náà ni a ó ṣe mu ún. Wọ́n ṣáà ń wò mí.

Oṣù méjì gbáko ni mi ò fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ẹ̀ mo lọ sí Òjótá níbi tí wọ́n ti ń ta kẹ́míkà, mo ra yíìsì wáìnì gan-an, mo sì wá hydrometer, ohun tí wọ́n ń fi sínú ọtí láti mọ bí ṣúgà ṣe kù sí nínú ẹ̀, ó jọ èyí tí àwọn tó ń sáàjì bátìrì mọ́tò fi ń wo ásíìdì. Bí ṣúgà bá ṣe ń tán ni nọ́ńbà tó ń fi hàn ń wálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo lu ọmọrí kẹ́ẹ̀gì, mo ki rọ́bà drip bọ̀ ọ́, mo ri ẹnu kejì sínú kọ́ọ̀bù omi. Gáàsì ń jáde, afẹ́fẹ́ ò lè wọlé. 1.090 ni mo kà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, 0.996, ìyẹn ni pé ọtí inú ẹ̀ ti tó bíi 12%. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti sùn sísàlẹ̀ bí ọ̀rá bọ́tà, òkè ẹ̀ tòrò. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì sórí àga, mo fẹnu fa rọ́bà lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sàn wọ ìgò, ó pọ́n bí tíì tí wọn ò da mílíìkì sí. Mo bu díẹ̀ fún màmá. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, "Ọ̀pẹ̀yìnbó ṣì wà nínú ẹ̀ o." Wọ́n tún na kọ́ọ̀bù sí mi.

*

Ẹ kú ewu o bọ̀dá, a dúpẹ́ pé ọmọ ò fara pa. Sùúrùlérè ni mo wà, agbálùmọ̀ ni tèmi, ní oṣù kejì ọdún nígbà tó pọ̀ nígboro. Mo sẹ́ ẹ títí kí oje tó ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́tè yẹn tó kúrò. Àṣìṣe tèmi ni pé aṣọ lásán ni mo fi bo ike náà. Àwọn eṣinṣin kéékèèké tó máa ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀, wọ́n ráyè wọlé, wọ́n sì kó bakitéríà wọ̀ ọ́. Tí ìyẹn bá ti rí afẹ́fẹ́, á sọ ọtí di fínígà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kan gógó. Ó dùn mí gan-an torí owó agbálùmọ̀ kì í ṣe kékeré. Adìyẹ ni mo fi ń rẹ títí ó fi tán.

*

Ìsàlẹ̀ Èkó ni èmi ní tèmi. Máńgòrò ni mo lò, mo sè é kí n tó da yíìsì sí i, oṣù mẹ́ta ó kọ̀ kò tòrò, ó dà bí omidùn. Pectin ló fà á, ohun tó ń mú jáàmù dì, iná ló sì fà á jáde lára èso. Ó dùn lẹ́nu ṣá. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń fi hydrometer yẹn mọ̀ pé ó ti parí?

*

Ẹ ṣeun, àǹtí. Mo máa ń bù ú sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, n ó jẹ́ kí hydrometer léfòó nínú ẹ̀, n ó ka ibi tí ojú ọtí dé. Tó bá jẹ́ iye kan náà fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, tó sì ti wálẹ̀ dé 1.000 tàbí kó tún kéré sí i, ó ti jẹ ṣúgà tán nìyẹn. Àmọ́ tó bá dúró sókè, bíi 1.020, ẹ má dé e o, yíìsì lè sùn kó tún jí nínú ìgò. Kẹ́ẹ̀gì kẹta wà ní kọ̀rọ̀ kíṣìnì báyìí, ó pé ọjọ́ 12 lónìí. 1.024 ni mo kà lálẹ́ àná, ẹnu rọ́bà ṣì ń ta bọ́bọ́bọ́ nínú kọ́ọ̀bù.