Eérú kọ́, ìyẹ̀ ni: èsì mi lórí “eérú òkè ayọnáyèéfín”

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjíròrò o.

Mo ti ka “eérú òkè ayọnáyèéfín” tí ọ̀gá mi dá lábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún “tephra”, ohun tí òkè ayọnáyèéfín ń tú jáde, tí àwọn onímọ̀ ń yọ láti inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún kí wọ́n lè mọ ìgbà tí ojú ọjọ́ ayé àtijọ́ yí padà. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti kan sáárá sí i. Èmi tí mo ti dá “ìyẹ̀ àpáta” lábàá ò lè bá yín kan án. Mi ò bá “òkè ayọnáyèéfín” jà. “Eérú” tó ṣáájú rẹ̀ ló ba iṣẹ́ jẹ́.

Kí ni eérú? Ohun tí iná jẹ kù ni. Tótó ó ṣe bí òwe, bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Ohun tó bá máa di eérú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jó. Èyí tí òkè ń tú jáde ò jó rárá. Àpáta ló yọ́ nínú ilẹ̀, tí gáàsì há sí i nínú. Nígbà tí gáàsì náà rí ọ̀nà jáde, ó bú gbàmù, àpáta yíyọ́ fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó sì ti gan di dígí kó tó balẹ̀. Èéfọ́ dígí ni, àwọn mìíràn kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ.

Ẹ má sọ pé mò ń wá ìjà lórí ohun tí kò tó nǹkan. Dígí tó jẹ́ yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Wọ́n á gé ẹrẹ̀ adágún ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dà á sínú omi kẹ́míkà tó wúwo kí èéfọ́ náà lè yà kúrò lára iyanrìn, wọ́n á wá fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Ó máa ń mọ́ gaara, etí rẹ̀ á tẹ̀ kọrọdọ níbi tí gáàsì ti wú u. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wọn sílíkà, irin àti pọtásíọ̀mù inú rẹ̀, èyí tó máa ń yàtọ̀ láti òkè dé òkè. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mọ òkè tó tú u. Ẹni tó bá gbọ́ “eérú”, èédú ló máa wá sí i lọ́kàn, á ní kí wọ́n fi kábọ́nì díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. Kábọ́nì dígí wo? Kírísítálì tó bá a jáde ni wọ́n ń fi gáàsì ágọ́nì díwọ̀n, tàbí kí wọ́n fi kábọ́nì díwọ̀n ewé tó wà nítòsí rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, tàbí kí wọ́n ka ìpele ẹrẹ̀ náà lọ́dọọdún níbi tó bá ti ṣeé kà.

Ẹ wo ti òkè Katla ní Iceland. Ó bú ní nǹkan bí 12,100 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òtútù ayé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Younger Dryas ṣì gba ilẹ̀ Yúróòpù. Ohun tó tú, tí wọ́n ń pè ní Vedde, balẹ̀ sí adágún Kråkenes ní Nọ́wè, ó sì balẹ̀ sí Meerfelder Maar ní Jámánì. Nígbà tí wọ́n fi í so adágún méjèèjì pọ̀ nínú iṣẹ́ tó jáde lọ́dún 2013, ó hàn pé ojú ọjọ́ ti yí padà ní Jámánì ní nǹkan bí 100 ọdún kí Katla tó bú, nígbà tí ti Nọ́wè ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 20 ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Àlàfo 120 ọdún! Ṣáájú ìgbà náà, ó rọrùn láti rò pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ọ̀gá mi sọ pé Sigurdur Thorarinsson, ọmọ Iceland tó dá “tephra” lábàá lọ́dún 1944, inú èdè Gíríìkì ló ti mú un, eérú náà ló sì túmọ̀ sí níbẹ̀. Pé bí ó bá tó fún un, ó yẹ kó tó fún wa. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi takò mí, èyí nìkan ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí Thorarinsson ń kọ̀wé sí kì í fi tephra pe ohun tó wà nídìí ààrò wọn. Àlejò ni ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn, ó gba ìtumọ̀ tí wọ́n bá fún un. Eérú tiwa ti kún, kò sáyè nínú rẹ̀ mọ́.

Ìyẹ̀ àpáta ni kí á pè é. Lẹ́nu àwọn àgbà tí mo gbọ́ èdè lọ́dọ̀ wọn, ohun tó bá ti kúnná lẹ́búlẹ́bú tó ń dà wuuru, ìyẹ̀ ni. Dò-dò ni o, bó ṣe wà nínú ìyẹ̀rosùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ́ ní “ìyẹ́”, ti ẹyẹ nìyẹn. Arákùnrin kan nínú yín sì sọ pé igi nìkan ló ń ní ìyẹ̀. Ìyẹ̀fun ń kọ́? Igi ni?

Ó ku èyí tí ojú lásán ò lè rí, irú èyí tí òkè Toba ní Indonesia tú ní nǹkan bí 75,000 ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n wá rí ní ìsàlẹ̀ adágún Màláwì, ibi tó jìnnà ju 7,000 kìlómítà lọ. (Ẹrẹ̀ adágún yẹn ò fi hàn pé òtútù ńlá kankan tẹ̀ lé e níbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe máa ń sọ ọ́.) Mo pè é ní ìyẹ̀ afarasin. Ọ̀gá mi tún un kọ sí “àfarasin”, wọ́n sì ń rán wa létí pé àwọn ti kọ́ni ní gírámà tipẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Síbẹ̀, a- ni ti olùṣe, bí apẹja. À- ni ti ohun tí a ṣe, bí àpamọ́. Kò sẹ́ni tó gbé ìyẹ̀ yìí pamọ́, òun ló fara rẹ̀ sin. Wọ́n ní àwọn gbọ́ “àfarasin” lẹ́nu àgbà kan nígbà èwe àwọn. Ẹ dákun sà, gbólóhùn wo ni àgbà náà ti lò ó?