“Ìjákulẹ̀ ìsopọ̀” kò tó: ta ló kọ ta?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ìbéèrè tí àbúrò wa tó ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó ń lo fóònù gbé síwájú wa ni pé kí ni kí a máa pè é bí fóònù bá gba ètò tuntun tán, tí kò sì lè lo Waifáì mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa kan ti dáhùn pé kí a kọ ọ́ báyìí: “ìjákulẹ̀ ìsopọ̀ aláìlówàyà lẹ́yìn ìmúdójúùwọ̀n”. Mo ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mẹta. Gírámà rẹ̀ dúró dáadáa, n kò sì ní ẹjọ́ kankan lórí àmì ohùn rẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ẹni tí fóònù rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu kò ní mọ ohun tó ṣe é gan-an nígbà tó bá kà á tán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ “ìjákulẹ̀” wò. Lẹ́nu àwọn tó ń sọ Yorùbá lónìí, ìrètí ènìyàn ni ìjákulẹ̀ ń bá. Ẹni tó ṣèlérí tí kò mú un ṣẹ ló já wa kulẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ fẹ́ ẹlòmíràn ló rí ìjákulẹ̀. Bí mo bá ṣàdédé rí “ìjákulẹ̀ ìsopọ̀” lójú fóònù mi, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni ọkàn mi yóò kọ́kọ́ lọ bá. Ìyẹn tilẹ̀ kéré. Èyí tó tóbi ni pé ọ̀rọ̀-orúkọ yìí gbé olùṣe pamọ́: kò sọ ohun tó já, kò sọ ẹni tó já a, kò sì sọ bóyá nǹkan kan tilẹ̀ so tẹ́lẹ̀ kó tó di pé ó já.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, Apple gbé iOS 8.0.1, ètò tuntun tó ń darí iPhone, jáde. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fi í sórí iPhone 6 àti 6 Plus ló rí i pé fóònù wọn kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tẹlifóònù mọ́ rárá, kò sì dá ìka ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣí i mọ̀ mọ́. Kò ju bíi wákàtí kan lọ tí Apple fi fà á sẹ́yìn, wọ́n sì gbé 8.0.2 jáde lọ́jọ́ kejì. Ilé iṣẹ́ náà sọ pé fóònù tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò tó 40,000. Ohunkóhun kò já níhìn-ín, nítorí fóònù náà kò tilẹ̀ dé ibi tí yóò ti so mọ́ nǹkan. “Fóònù mi kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì” ni ìyá tó ń tajà lọ́jà yóò sọ, “àìrí nẹ́tíwọ́ọ̀kì” sì ti tó wa kọ sínú ìwé.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún méjì ṣáájú. Lọ́jọ́ tí iOS 6 jáde, ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, fóònù rí Waifáì, ó sì so mọ́ ọn láìsí wàhálà. Àmọ́ bó bá ti so tán, ìṣe rẹ̀ ni kó yára lọ béèrè ojú ewé kékeré kan lórí ìkànnì Apple, kó lè mọ̀ bóyá ọ̀nà ayélujára là lóòótọ́. Ojú ewé yẹn kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí fóònù kò rí èsì tó ń retí, ó gbà pé irú Waifáì ilé ìtura tàbí ti pápákọ̀ òfuurufú ni òun wà, níbi tí wọ́n ti ń ní kí àlejò kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, kò sì tẹ̀ síwájú mọ́. Ẹni tó wọlé, tó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, tí ẹnikẹ́ni kò sì dá a lóhùn, kò lè lọ ròyìn pé wọn kò ṣílẹ̀kùn fún òun. “Ìsopọ̀ aláìlésì” ni mo dábàá fún irú èyí, ìyẹn ibi tí fóònù ti ń kọ ọ́ pé òun ti so, tí ojú ewé kankan kò sì ṣí.

Ọ̀kan tó dùn mọ́ mi jù lọ ni èyí tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Gbogbo ẹ̀rọ tó ń lo Waifáì ló ní àmì kan tí wọ́n ti fi sí i lára láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, lẹ́tà àti òǹkà 12 lápapọ̀, tí ìdajì àkọ́kọ́ rẹ̀ ń sọ ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ti jáde. “Àdírẹ́sì MAC” ni àwọn atúmọ̀ ń pè é. Ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn ń gbé là ń pè ní àdírẹ́sì, ènìyàn sì lè kó kúrò níbẹ̀ lọ́la. Lójú tèmi, ilà ni nǹkan yìí. Bí àwọn bàbá wa ti ń wo àbàjà tàbí pélé lójú àlejò, tí wọ́n sì ń mọ ibi tó ti wá kó tó la ẹnu, bẹ́ẹ̀ ni Waifáì ṣe ń wo ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ ká pè é ní “ilà-ẹ̀rọ”. Bí ilà ti ń parẹ́ lójú ọmọ ènìyàn, ó dára kí ọ̀rọ̀ náà rí ibòmíràn gbé.

Láti ìgbà Android 10, ètò tí Google ṣe fún fóònù, ní ọdún 2019 àti iOS 14 ní ọdún 2020, fóònù kì í sáábà fi ilà rẹ̀ gan-an han Waifáì mọ́. Ó ń fi ilà àdábọwọ́ han nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó ń ṣọ́ ìrìn ènìyàn láti ibì kan dé ibì kejì má bàa fi dá a mọ̀. Ète náà dára, ṣùgbọ́n wàhálà dé bá àwọn ibi tí adènà ti ń wo ilà kó tó ṣílẹ̀kùn. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni ń kọ ilà-ẹ̀rọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí fóònù mi gba ètò tuntun, Waifáì tí mo ti ń lò fún ọdún mẹ́ta ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Mo tẹ páásíwọ́ọ̀dù títí ọwọ́ fi ń ro mí, mo pa fóònù, mo tún un tàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ wa wò ó fìrí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ẹ má bínú, sà. Fóònù yín ló bojú wá.” Ó ní kí fóònù náà ṣí ojú, kó fi ilà rẹ̀ gan-an han nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ẹ̀kọ́ nìkan, ọ̀rọ̀ sì parí. Ẹ ò rí i pé ọmọ náà kò bi ìwé atúmọ̀ kankan kó tó rí “bojú” lò?

Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára fóònù mi, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ lára Waifáì. Waifáì ló kọ fóònù. Ó sì tún máa ń rí bẹ́ẹ̀ ní ìdàkejì: ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, Google yọ ohun kan kúrò nínú Android 11 lórí àwọn fóònù Pixel, èyí tó ń jẹ́ kí ènìyàn wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì tàbí ti ilé iṣẹ́ ńlá láìyẹ ìwé ẹ̀rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà wò, ìyẹn ohun tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń jẹ́rìí pé òun gan-an ni. Níbi tí wọn kò bá ti ṣètò ìwé ẹ̀rí bó ti yẹ, fóònù ló wá ń kọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni, “kọ̀”, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tí a ó ti lọ ṣàtúnṣe yàtọ̀ pátápátá. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìwé ìtọ́sọ́nà wa máa fi odindi gbólóhùn tó ní olùwà ṣe àkọlé: “Waifáì kọ fóònù”, “Fóònù kọ Waifáì”.

“Já” ní àyè tirẹ̀. Èyí tó so, tó já, tó tún so láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ni ká fi í fún, bí a ti ń sọ lórí tẹlifóònù pé “ohùn yín ń já”.

Ẹnì kan béèrè bóyá a kò ní wá orúkọ Yorùbá fún Waifáì fúnra rẹ̀. Èmi kò rò pé ó yẹ. Ilé iṣẹ́ tó ń fún ọjà lórúkọ, Interbrand, ló ṣe ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1999. Kì í ṣe ìkékúrú ohunkóhun, kò sì ní ìtumọ̀ tí a lè yí padà. Bluetooth ní tirẹ̀ jẹ́ àlàjẹ́ Harald, ọba Denmark kan láyé àtijọ́, a kì í sì í túmọ̀ àlàjẹ́ ẹni ẹlẹ́ni.

Ó wá ku “ìmúdójúùwọ̀n”, orúkọ tí ẹ̀gbọ́n wa fún gbígba ètò tuntun. Ohun tí a mú dé ojú ìwọ̀n ti pé, kò sì ní àléébù. Ọ̀rọ̀ náà ti yin ètò tuntun kí a tó dán an wò. Fóònù tó dé ojú ìwọ̀n tí kò wá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́, ojú ìwọ̀n wo ló dé? “Ìsọdọ̀tun” sàn díẹ̀, àmọ́ a ti ń lò ó fún ìwé àṣẹ ọkọ̀ àti owó àsansílẹ̀. “Àtúnrọ” ni mo mú wá. Àgbẹ̀ tí ẹnu ọkọ́ rẹ̀ ti jẹ yóò gbé e padà fún alágbẹ̀dẹ kó tún un rọ. Irin kan náà ni, ó lè mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì lè là níbi tí kò ti là rí. Mo mọ̀ pé àwọn tí kì í fi àmì sọ́rọ̀ lórí fóònù yóò kà á sí “àtúnrò”, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba èmi náà díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó gbé e wá.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ kí àbúrò wa yí padà kí ìwé náà tó jáde. Níbi tó ti ń kọ́ wa láti pa orúkọ Waifáì àti páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú fóònù kí a tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó kọ ọ́ pé “Ẹ gbàgbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí”. Mo fi í han ìyá mi. Màmá dáhùn pé àwọn ti gbàgbé rẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n sì gbé fóònù náà sílẹ̀.